Àfòpiná Dọlápọ̀sí

Nehemiah Àkànmú ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kí ìyàwó rẹ̀, Dọlápọ̀sí, tó kó kòkòrò sílíìkì wọlé wọn ní Ìfọ́n. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ló ti gbé ẹyin wọn bọ̀ lórí bébà, ẹyin tó kéré ju hóró yánmọtí lọ. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Kòkòrò lo wá fẹ́ máa sìn báyìí?"

"Ẹ ṣáà máa wò mí," ni Dọlápọ̀sí wí.

Ewé igi mọ́bẹ́rì nìkan ni àwọn kòkòrò náà ń jẹ. Ìlobù ni wọ́n ti bí Dọlápọ̀sí, nítorí náà ó gbin igi náà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ Abọ́dúnrìn sì ń bá a ro ó. Láràárọ̀ ni Dọlápọ̀sí ń gun ọ̀kadà lọ já ewé. Bí àwọn kòkòrò náà bá ti dàgbà, wọn a ta òwú yí ara wọn ká. Dọlápọ̀sí a fi omi gbígbóná fa òwú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, a sì fi díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n di àfòpiná, kí akọ àti abo gun ara wọn, kí wọ́n tún yé ẹyin.

Jẹjẹrẹ ọmú ló pa Dọlápọ̀sí. Àwọn kòkòrò wà lórí atẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Tíṣà, ọkọ rẹ̀, sì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó lọ já ewé fún wọn.

Ọdún méjì ló fi ń bá wọn lọ láti ìran dé ìran. Pálọ̀ ló tò wọ́n sí. Ó máa ń jókòó tì wọ́n láìtan rédíò, kó lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìfọ́n àti Ìlobù, ìjọba ní kí onílé gbélé. Àsìkò tí àwọn kòkòrò náà ń jẹun jù lọ nìyẹn. Ewé tó wà nílé ò ju ti ọjọ́ kan lọ. Tíṣà pe Abọ́dúnrìn lórí fóònù.

"Mo lè gba ọ̀nà oko wá."

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èmi gan-an ò lè dé oko yẹn. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ò ní dúró gbọ́ pé ewé lẹ wá já. Wọ́n ti dáná sun apá ibẹ̀. Mo rí èéfín rẹ̀."

Tíṣà já ewé ẹ̀gẹ́ àti tẹ̀tẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́ ẹ fún wọn. Wọn ò fẹnu kàn án. Wọ́n kàn ń gbé orí sókè, wọ́n ń wá oúnjẹ kiri. Ní ọjọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkú wọn sínú bókẹ́ẹ̀tì. Márùn-ún péré ló ta òwú, ó fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn ń rí kòkòrò nínú rẹ̀.

Àfòpiná mẹ́ta ló jáde. Tíṣà wo ikùn wọn: abo ni gbogbo wọn. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, síbẹ̀ ó tẹ́ bébà tuntun fún wọn, wọ́n sì yé ẹyin. Ó ń wò ó lójoojúmọ́ bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bíi ti ẹyin tó máa pa. Kò yí. Ó gbẹ, ó sì rún.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Peace, ti Òṣogbo dé, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Dádì, mo lè bá yín wá ẹyin míì."

"Àwọn yẹn kì í ṣe ìran èyí tí ìyá rẹ tọ́," ni Tíṣà wí. Ó sunkún títí aṣọ rẹ̀ fi rin. Peace ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú.

Lẹ́yìn náà Tíṣà lọ sí oko ní Ìlobù. Abọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eérú. Kò sí igi kankan lórí ìdúró.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Tíṣà fọ àwọn atẹ náà, ó kó wọn fún Bàrákátù aládùúgbò rẹ̀ tó ń sá ata.