Nítorí Òrí Ni Wọ́n Ṣe Yọ Mí Lẹ́gbẹ́

Wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé mo fi òrí para, títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò sẹ́ni tó dá mi padà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Mo ṣì ní lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: pé òórùn òrí ara mi ń da àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láàmú, pé èékánná mi dọ̀tí, àti pé mo mú ọṣẹ dúdú tí a fi ewé dì wá sí ibi ìgbafẹ́, èyí tó lè mú kí àwọn èèyàn máa fojú ará oko wo ẹgbẹ́ wa. Inú oko la ti ń gbafẹ́ o. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Omidan ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, níbi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì nílé ìwé girama kan l'Abẹ́òkúta. Àwa ọ̀dọ́ bíi mẹ́rìndínlógún, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, la kóra jọ pé ìjókòó yìí ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká máa fẹsẹ̀ rìn. A pe ara wa ní Ẹgbẹ́ Afẹsẹ̀rìn. Ní gbogbo Sátidé, a óò pàdé ní Kẹ́mta kí oòrùn tó yọ, a óò wọ mọ́tò dé Kọ́bapẹ́ tàbí Òṣíẹ̀lẹ̀, a óò bọ́lẹ̀, ó di inú oko.

Inú mi kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ìrì á ti rẹ wá dé orúnkún kí a tó rìn jìnnà. A óò gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá, a óò gun àpáta, a óò jókòó lórí rẹ̀ máa jẹ àgbálùmọ̀, a óò máa díje ẹni tó máa tu kóró rẹ̀ jìnnà jù. Àwọn àgbẹ̀ ò yé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí lẹ̀ ń wá kiri nínú oko olóko láàárọ̀ yìí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, bàbá. A wá gba afẹ́fẹ́ ni."

"Hẹn! Ṣé afẹ́fẹ́ ti tán l'Abẹ́òkúta ni?"

Ọ̀rọ̀ òrí ló kù. Ìyá ìyá mi, aláró ni ní Kẹ́mta, nínú agboolé tí àwọn obìnrin mẹ́rin jọ ń rẹ aṣọ. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa ti ọwọ́ gbígbẹ bọ ìkòkò aró. Igbá òrí ló máa kọ́kọ́ yí ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á bù ú, á fi ra ọwọ́ láti ìgúnpá dé orí ìka, nítorí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe aró máa ń jẹ awọ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ewé. Ẹni tó bá pẹ́ dé, tó fẹ́ fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á pariwo lé e lórí: "Ìwọ, ṣé o ti kí igbá?" Ìyá mi àgbà kì í lo òrí bó ṣe ti ọjà wá. Ó máa ń yọ́ ọ lórí iná kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ pẹ̀lú àdín díẹ̀ àti ewé efinrin, nítorí ẹ̀fọn kò fẹ́ràn efinrin. Ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ju ọjọ́ orí ìyá mi lọ, síbẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju tèmi lọ.

Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn ni, kí omi má gbóná jù, kí n má sì dúró kí ara gbẹ kí n tó fi òrí pa á.

"Ara tútù ló ń gba òrí, ọmọ mi," ni yóò wí. "Ara tó ti gbẹ, ńṣe lo kàn ń kùn ún bí ẹní ń kun ògiri."

Àní nígbà tí mo dé yunifásítì, tí mo kà nípa bí òróró ṣe ń há omi mọ́ inú awọ, mo rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí olùkọ́ wa fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé, ìyá mi àgbà ti fi gbólóhùn kan parí ẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ kí n wá fèsì ẹ̀sùn kejì kíákíá, torí òun ló dùn mí jù. Èékánná mi kò dọ̀tí. Aró ni. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń bá ìyá mi àgbà rẹ aṣọ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, aró kì í sì í kúrò lórí èékánná àfi tí èékánná bá hù jáde. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, mo gbọ́ pé àdìrẹ ló wọ̀ lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́. Ní Abẹ́òkúta! Ó wọ aṣọ aláró, ó ń pe ọwọ́ aláró ní ẹ̀gbin.

Ẹ̀sùn kìíní ńkọ́? Òrí ń rùn díẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, tó kọ lẹ́tà náà, obìnrin ọlọ́yàyà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ní ìpara mẹ́rin nínú ike: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti oòrùn, àti ọ̀kan tí kò sọ ìwúlò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá kọjá lápá ọ̀tún rẹ, wàá sín lápá òsì. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí i.

Alága wa ni ẹnì kejì tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé bí ìlànà ìpàdé. Bí òùngbẹ bá gbẹ wá lọ́nà, yóò ní kí ẹnì kan dábàá omi, kí ẹlòmíràn ti àbá náà lẹ́yìn. Ìpàdé Ọjọ́bọ̀ kan tí n kò lè lọ nítorí pé mo wà nídìí aró ni wọ́n ti yọ mí. Wọn ò pè mí, wọn ò bi mí. Lọ́la rẹ̀ ni lẹ́tà dé, ó ku ọ̀la kí a rin ìrìn ńlá ti ìparí ọdún, tí a máa ń jẹun pọ̀, tí a máa ń ya fọ́tò ẹgbẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń retí rẹ̀. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn nínú ayé yẹn ju kí n wà nínú fọ́tò náà lọ.

Mo ka lẹ́tà náà fún ìyá mi àgbà. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí ẹ̀.

"Wọ́n ní òrí mi ń rùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, mà."

"Ó dáa. Ọ̀nà Kọ́bapẹ́ yẹn, ṣé ẹgbẹ́ ló là á?"

"Rárá, mà."

"Dìde, lọ para."

Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, mo para. Mo ra òrí láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ara mi ń dán bí ti ẹni tó fẹ́ lọ jìjàkadì. Mo di èyí tó kù sínú agolo, mo fi ọṣẹ dúdú tì í, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò tí ẹgbẹ́ wọ̀. Alága yíjú padà.

"Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ rí lẹ́tà wa?"

"Mo rí i, sà."

"Ẹ wá ń lọ síbo?"

"Kọ́bapẹ́ ni, sà."

"Àwa náà ń lọ sí Kọ́bapẹ́."

"Hẹn-ẹn. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé pẹ̀lú.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ètè gbogbo wọn ti là, ẹsẹ̀ wọn funfun bí ẹní tẹ eérú. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn ní ìwọ̀n òpó iná méjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo bá ẹgbẹ́ rìn. Nígbà tí a dé ẹ̀bá odò kékeré kan, akọ̀wé yọ kámẹ́rà, ó ń wá ibi tó máa dára fún fọ́tò. Ló bá rí ìtàkùn kan tó gun igi, tí èso rẹ̀ so rọ̀ pìtìmù, tí irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà bò ó.

"Ẹ wò ó, ó dà bí àrán! Ẹ wá dúró sábẹ́ ẹ̀."

Gbogbo Yorùbá ló mọ orúkọ wèrèpè. Àwọn tó mọ ojú rẹ̀ ni kò pọ̀, pàápàá láàárín àwa ọmọ ìgboro. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sáré bọ́ síwájú.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan—"

Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹni tí a ti yọ kò lóhùn nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́."

"Ẹ ṣáà gbọ́ mi ná, ìtàkùn yẹn—"

"Tíṣà, a ò tíì fún yín láyè."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á dé. Nígbà tí mo fi máa kígbe pé "Wèrèpè ni!", ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìtàkùn náà wálẹ̀ kí ó lè hàn dáadáa nínú fọ́tò, ọyẹ́ sì fẹ́ fẹ̀ẹ̀, ó gbé irun rẹ̀ lé gbogbo wọn lára.

Ẹ ò tíì rí ijó. Alága ń fi ẹ̀yìn ra igi. Akọ̀wé tú ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fi wọ́n pa ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó gbọ́ tirẹ̀. Àwọn kan ti ń sáré lọ sódò, mo dí wọn lọ́nà.

"Ẹ má fomi sí i! Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń wí nìyẹn, omi á kàn gbé e kiri ara ni. Ẹ dúró, ẹ má yún un, òrí la máa kọ́kọ́ fi mú un."

"Tíṣà, ẹ gbà mí!" ni Alága ń ké. "Ẹ fi sí mi lẹ́yìn!"

Mo ṣí agolo. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo kọ́kọ́ bi í léèrè.

"Alága, ṣé ìlànà gbà kí ẹni tí a ti yọ fi òrí pa ọmọ ẹgbẹ́ lára?"

"A ti dá yín padà! A ti dá yín padà!"

"Ta ló dábàá?"

"Èmi ni!" ni akọ̀wé kígbe.

"Ta ló tì í lẹ́yìn?"

Ọwọ́ mọ́kànlá ló dìde, mo kà wọ́n. Ọwọ́ àwọn tó kù ò ráyè, wọ́n ń yún ara.

Mo bu òrí náà nípọn lé wọn lára, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí a fi ń bó ọsàn ha á kúrò síhà kan ṣoṣo, mo tún bu òmíràn. Irun wèrèpè ń bá òrí lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n lọ sódò, gbogbo wọn sì fi ọṣẹ dúdú inú ewé yẹn wẹ̀, ọkùnrin lápá òkè, obìnrin lápá ìsàlẹ̀. A fi òrí tó kù pa ara tútù. A jẹun. A kọrin dé Kẹ́mta. Nínú mọ́tò, òórùn òrí gba gbogbo wa kan, awakọ̀ ní ṣé agbo aláró lòun kó ni.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìwé ìpàdé jáde lọ́sẹ̀ kejì, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kọ ọ́ pé "àpótí ìtọ́jú ẹgbẹ́" ló gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ là. Nípa dídá mi padà, kò sí ọ̀rọ̀ kan. Alága ní ìpàdé inú igbó kò bófin mu nítorí pé wọn ò kéde rẹ̀ ṣáájú. Wọ́n wá kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ "Àlejò".

Àlejò! Ọdún mẹ́rin la tún fi rìn pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Akọ̀wé di oníbàárà ìyá mi àgbà, ó ń gba òrí oníefinrin lóṣooṣù. Alága kì í jáde nígbà ọyẹ́ láìkí igbá. Èmi ni mò ń ṣíwájú wọn nínú igbó, èmi ni mò ń sọ orúkọ ewé fún wọn, èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Olóòrí. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn, "Àlejò" ni mo jẹ́ nínú ìwé, títí ìgbéyàwó àti iṣẹ́ fi tú ẹgbẹ́ ká.

Ẹni méjèèjì ṣì wà láyé, ara wọn dá, awọ wọn sì ń dán. Mo mọ ohun tó fà á. Nítorí náà mo ń bi wọ́n, mo sì fẹ́ ìdáhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Akọ̀wé, kí ló wà nínú àpótí ìtọ́jú yẹn, yàtọ̀ sí òwú àti pílásítà, tó lè wo wèrèpè? Alága, ọwọ́ mọ́kànlá tó dìde lẹ́bàá odò, ta ló fún yín láṣẹ láti rẹ̀ wọ́n sílẹ̀? Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni mí, àbí n kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́?