Ilẹ̀kùn Rọ̀kíbátù

Bí ẹ bá gbé aṣọ fún Rọ̀kíbátù ní àdúgbò Pedro, ẹ ó gba aṣọ, ẹ ó sì gba ọ̀rọ̀ kún un. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ló ń rán, nínú yàrá tó ń gbé ní ojúlé wa. Kò gba ṣọ́ọ̀bù; ó ní owó ṣọ́ọ̀bù lòun fi ń ra òwú. Ìyẹn dùn mọ́ mi, torí èmi náà kì í náwó lásán.

Nígbà tí ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé kù díẹ̀, onílé wa, Àlàájì Mahmood, rí ẹni tí yóò san ju Rọ̀kíbátù lọ. Bẹ́ẹ̀ Rọ̀kíbátù ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ni Àlàájì bá ṣe ohun tí àwọn onílé kan máa ń ṣe: Rọ̀kíbátù lọ ra bọ́tìnnì, Àlàájì mú káfíńtà wá, wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ gbé lọ.

Rọ̀kíbátù dé, ó ta kọ́tìnnì sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní atẹ́gùn ti wọlé wàyí. Ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀rọ àti aṣọ oníbàárà sílẹ̀ jáde mọ́. Bí olè bá wọlé, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Ó pè mí láti yàrá mi: "Bàbá Ọláídé, ẹ bá mi wá lọ́yà."

"Owó lọ́yà ju owó ilẹ̀kùn lọ. Ra òmíràn."

"Tí wọ́n bá tún yọ ìyẹn ńkọ́? Kí n máa ra ilẹ̀kùn bí ẹni ń ra búrẹ́dì?"

Mo ṣírò rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Mo wá rántí àwọn lọ́yà kan tó máa ń jókòó ní gbọ̀ngàn kan ní Palmgrove ní Sátidé, tí wọn kì í gba owó. Ọláídé ọmọ mi jókòó ti ẹ̀rọ, mo sì sìn ín lọ. Mo ń retí ìgbà tí wọn yóò bèèrè nǹkan; wọn ò bèèrè.

Lọ́yà Dáraolúwa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní onílé ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé. Yóò kọ́kọ́ fún un ní ìwé pé kó jáde. Tí kò bá jáde, ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè lé e. Ẹni tó bá yọ ilẹ̀kùn tàbí páànù láti fi lé èèyàn, òfin lè mú un. Ló bá pe Àlàájì lórí fóònù, ó ní kó wá ká jọ sọ ọ́.

Àlàájì dé pẹ̀lú ìbínú. "Ilé mi ni, ilẹ̀kùn mi ni. Ṣé èèyàn ń jí ohun ara rẹ̀ ni?"

Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín. "Àlàájì, tiyín ni ikán jẹ. Nígbà tí mo kó dé, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ ra tèmi?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa: ayálégbé ló ń kun yàrá, òun ló ń ra ilẹ̀kùn, onílé á sì tètè gbàgbé.

"Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ gbé e wálé," ni mo wí.

Àlàájì wo àjà. Lọ́yà rọra sọ̀rọ̀: "Bàbá, ká tiẹ̀ ní tiyín ni, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ tẹlòmíì."

"Ó dáa. Màá dá a padà lọ́la."

"Àlàájì, olè ò mọ ọ̀la o," ni Rọ̀kíbátù fèsì.

Kí wọ́n tó pe ìrun Màgáríbà, ilẹ̀kùn ti padà sáyè rẹ̀. Káfíńtà kan náà ni: Àlàájì sanwó kó yọ ọ́, ó tún sanwó kó kàn án padà. Nínú gbogbo ìnáwó tí mo ti rí, èyí ló dùn mọ́ mi jù.

Ní báyìí, oníbàárà tó bá ráhùn onílé létí Rọ̀kíbátù, Palmgrove ló ń darí rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan, Àlàájì fúnra rẹ̀ gbé aṣọ ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Rọ̀kíbátù rí i lókèèrè, ó ti ilẹ̀kùn.

Àlàájì gbé aṣọ sí ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, ó kanlẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé, Àlàájì. Ṣé ẹ rí i pé ó wúlò?"