Bí Ìbò Ẹ̀pẹ́ Ṣe Pòórá Lójú Mi

Ọdún kẹta rèé tí a dìbò yan alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ẹ̀ka Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí kò tíì dé nígbà náà. Ìtàn tí ẹ gbọ́ ni pé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ta ìbò. Mo wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Lẹ́tà ni a ń jà fún. Àwọn kásúà kan, ìyẹn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ti lo ọdún méje, mẹ́jọ, ní ilé-iṣẹ́ wa láìní lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá gé ẹnì kan níka, ẹnu géètì ni wọ́n máa já a sí. Alága tó wà nípò ń bá àwọn ọ̀gá jẹun, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. Súlíyà, obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní kóòdùrúùmù, yàrá yìnyín tí a ń kó ẹja sí, ló jáde láti bá a du ipò. Ó ní oṣù àkọ́kọ́ tí òun bá wọlé, òun máa gbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà síwájú àwọn ọ̀gá, bí wọn kò bá sì gbọ́, a ó ti géètì, iṣẹ́ á dúró. Èmi ni aṣojú rẹ̀ níbi àkójọ èsì.

Ojú wa ti rí nǹkan nínú ìdìbò tó ṣáájú. Ẹnì kan fi fóònù kan ṣoṣo da ayédèrú èsì sínú Wáásáàpù wa, a kò mọ èwo ni òótọ́ mọ́. Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí mo lọ bá Tóyọ̀sí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó ní ìkànnì kan wà tí àwọn bíi tòun fi ń ṣiṣẹ́, pé òun lè kọ́ ojú-ìwé kan síbẹ̀ tí èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò máa hàn bó ṣe ń wọlé, tòun ti fọ́tò ìwé èsì. Dáṣíbọ́ọ̀dù ló pè é. Nílé wọn ní Ìpakòdò la jókòó sí, ó ń fà, ó ń tò lórí kọ̀ǹpútà: àpótí kan fún Ìkòròdú, òmíràn fún Ẹ̀pẹ́, àwọ̀ ewé fún Súlíyà, pupa fún alága. Ó wá fi asẹ́ sí i, ìyẹn ohun tí yóò máa sẹ́ èyí tí a kò fẹ́ rí kúrò. Ó tẹ Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú pòórá. Ó tẹ Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ pòórá. Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Mo ní, “Fi òmíràn sí i. Fóònù kan, ibùdó kan. Fóònù tó bá fi èsì ránṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, yọ gbogbo ẹ̀ dànù.”

Ó wò mí. “Gbogbo ẹ̀ kẹ̀, Dádì? Tí ẹlòmíì ò bá ní fóònù tó dáa ńkọ́? Ẹ jẹ́ n kàn fi àmì sí i, kẹ́ ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Tóyọ̀sí, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní màgòmágó ìbò ni? Yọ ọ́.”

“Ó ti yé mi, sà.” Ó sì ṣe bí mo ṣe wí.

Ohun tí mo gbàgbé ni bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ṣe ń ṣe nǹkan ẹgbẹ́. Ibùdó mẹ́jọ ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n aṣojú kan kì í dá èsì fi ránṣẹ́. Iwájú ilé Alhaji Mùfú, akọ̀wé wọn, ni wọ́n máa ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Wọ́n á kà á sókè létí ara wọn, gbogbo wọn á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji á wá fi fóònù tirẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti jókòó níwájú ilé yẹn láìmọye ìgbà. Mo mọ̀ ọ́n. Kò kàn sí lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo ń pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ ìdìbò, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, elétò ìdìbò bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú. Ti Ìkòròdú bá ohun tó wà lórí fóònù mi mu. Ó wá kan Ẹ̀pẹ́. Iye tó kà fún Súlíyà kéré débi pé mo fò dìde.

“Ẹ dúró ná! Èsì Ẹ̀pẹ́ kọ́ nìyẹn!”

“Kọ́múrédì, ẹ̀rí dà?”

Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Àpótí Ẹ̀pẹ́ ṣófo. Mo tún un ṣí, ó ṣófo. Mo pe Alhaji, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni mo tó mọ̀ pé ìrun Làásárì ni wọ́n ń kí lọ́wọ́.

“Tẹ́ ò bá ní ẹ̀rí, ẹ fọwọ́ síwèé, ká máa lọ.”

Inú bí mi. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti ra àwọn ará Ẹ̀pẹ́, pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ránṣẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Mo tún yíjú sí àwọn èèyàn wa, mo lọgun pé, “Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti tà wá!” Ìlànà ẹgbẹ́ wa nígbà náà ni pé bí aṣojú bá ti fọwọ́ sí èsì, ẹjọ́ ti parí. Wọ́n sì kéde pé alága ló wọlé.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí Alhaji fi pè. “Ṣé o rí i? Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni mo fi ránṣẹ́ kí n tó lọ kírun o. Súlíyà ti wọlé!”

Ìgbà yẹn ni mo rántí asẹ́. Mo pe Tóyọ̀sí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. “Dádì, mo ti yọ asẹ́ yẹn. Ẹ tún un ṣí.”

Ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà níbẹ̀, tòun ti fọ́tò, tòun ti ìbuwọ́lù aṣojú ìhà méjèèjì, àwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń wo àpótí tó ṣófo. Elétò ìdìbò àti àwọn èèyàn alága purọ́ èsì, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí Tóyọ̀sí sẹ́ ohun tí à bá fi mú wọn dànù.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji ní Ẹ̀pẹ́. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀.

“Dìde. Èmi ti fojú fò ó. Àmọ́ inú gbọ̀ngàn lo ti pè wá lólè, níṣojú gbogbo ayé. Kí ló dé tó o wá ń bẹ̀bẹ̀ nínú pálọ̀ mi?”

Mo ṣèlérí pé màá sọ ọ́ ní ìpàdé gbogboogbò. Ìpàdé dé, ojú tì mí, mo jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó tẹ̀lé e.

A rí nǹkan jèrè. Ojú-ìwé yẹn ti wà ní gbangba fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ báyìí, ohunkóhun tí asẹ́ bá sì yọ, ó ń hàn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. A jà títí a fi yí ìlànà padà; aṣojú ní ọjọ́ mẹ́ta láti mú ẹ̀rí wá lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n Súlíyà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kì í sì í wá sípàdé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí, màá sì dìde kà á sókè ní ìpàdé tó ń bọ̀, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí: àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dìbò, wọ́n kà á, wọ́n fi ránṣẹ́ lásìkò. Ní ti ìwọ kásúà tí o ṣì ń dúró de lẹ́tà, n kò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ ọ́. Ìbò rẹ wọlé. Èmi ni mi ò jẹ́ kó hàn.