Ẹsẹ̀ Tí Káfíńtà Kò Wẹ̀

Káfíńtà fẹ́ràn oyè, kí n má tàn yín. Gbogbo àga tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun ló kàn án, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi tí kì í rán wọn létí. Ohun tó wá ń dùn ún ni pé òun ń darúgbó lọ, wọn ò sì tíì fi òun jẹ Baba Ìjọ.

Nígbà tí wọ́n máa fi gbà láti fi í joyè náà, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyàwó rẹ̀ lápá òsì. Àwọn ọmọ ti wà nílé ọkọ, nítorí náà òun ló ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Ká sòótọ́, ó ń ṣe é dáadáa. Àmọ́ ṣe ló máa ń tilẹ̀kùn káwọn aládùúgbò má baà rí i, torí ojú ń tì í.

Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá fẹ́ jẹ Baba Ìjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ àwọn opó lójú gbogbo èèyàn, kó lè yé e pé ìránṣẹ́ ni ẹni ńlá lọ́dọ̀ Jésù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Káfíńtà ti wọ aṣọ funfun, ó ti fín lọ́fínńdà sára, kí ìyàwó rẹ̀ tó pè é látorí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀ mí kẹ́ ẹ tó lọ. Mo ti ṣe sára."

"Háà! Pẹ̀lú aṣọ yìí? Ẹ ní sùúrù, ìyá wọn. Mi ò ní pẹ́."

"Bàbá wọn..."

Ó ti jáde. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o!

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ síwájú àwọn opó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wẹ ẹsẹ̀ wọn, ó rọra nù ún dé àárín ìka. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ilẹ̀ balùwẹ̀ ló ti bá ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀ pé kóun lọ wẹ̀, ó ṣubú, ó sì forí gbá sìmẹ́ńtì. Kò mí mọ́. Káfíńtà ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nírọ̀lẹ́, pásítọ̀ wá kí i.

"Baba Ìjọ, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò gbójú sókè.

"Pásítọ̀, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe lójú yín yẹn, ìyàwó mi ti kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n ṣe é nílé. Torí pé kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀."