Àyè tí Ìyá Jẹ̀mílátù Fi Sílẹ̀ fún Ègbè

Bí ẹ bá rí Ìyá Jẹ̀mílátù nídìí agbada gàrí ní Jóga-Orílé, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ló fẹ́ kó rédíò wa sí wàhálà. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà ọmọge ni òun àti Hussainat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ń kọ wákà níbi wòlímọ̀, láti Ìmásàyí dé Ìjoun. Òun á dá, Hussainat á gbè. Kò sí ẹlòmíì tó gbè é rí.

Pobẹ̀, lódìkejì bodè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni Hussainat lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n bí òde bá ti wà, á gun ọ̀kadà wá. Àfi ìgbà tí ìjọba ti bodè pa lọ́dún 2019. Kò lè wá mọ́, fóònù rẹ̀ náà ò lọ. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Ìyá ò fi gbúròó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ rárá.

Àsìkò yẹn ni rédíò wa ní Ayétòrò fẹ́ ṣe ọ̀sẹ̀ orin ilẹ̀ Yewa. A ti ń kó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ jọ kiri. Adédọ̀tun, olóòtú ètò, ní kí Ìyá wá kọrin, ó sì bá a wá Fọlákẹ́, ọmọbìnrin olóhùn iyọ̀ kan, tí yóò máa gbè é.

Ìyá ní, “Ohùn ọmọ yìí dáa. Ṣùgbọ́n Hussainat ló ni ègbè. Màá dá tèmi, màá sì dúró de tiẹ̀. Ó máa ń gbọ́ yín ní Pobẹ̀.”

“Màmá, tí rédíò bá dákẹ́, àwọn èèyàn á rò pé a ti kúrò lórí afẹ́fẹ́ ni.”

Òótọ́ ni Adédọ̀tun sọ. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ, bí rédíò bá sì dákẹ́ díẹ̀, èmi ni ọ̀gá ń fún ní kúẹ́rì. Inú bí mi, mo ní agídí àgbà ni. Nígbà tá a ń dán an wò, Ìyá dá orin, ó dákẹ́, ni ọwọ́ mi bá lọ fúnra rẹ̀, mo tẹ ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìyá wò mí, kò bú mi. “Ọmọ mi, o já lu ọ̀rọ̀ Hussainat.”

Ojú tì mí gan-an.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ètò gan-an, Adédọ̀tun gbà fún Ìyá, ó kìlọ̀ fáwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n má yí rédíò wọn, pé Pobẹ̀ ni ègbè wà. Ìyá dá orin: “Ọ̀nà tó gbé wa pàdé, koríko ò ní bò ó.” Ó dákẹ́. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka ègbè náà sínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró, ó sì parí.

Kò sẹ́ni tó pè. Ìyá mú báàgì rẹ̀, ó dìde. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wò ó lójú.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí fóònù tó dún. Nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ kan tí Ìyá ò mọ̀ ni. Adédọ̀tun gbé e sórí afẹ́fẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ohùn obìnrin kan ní, “ẹ tètè wọlé lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Mi ò tíì gbè tán.”

Ìyá jókòó padà. “Má bínú, Hussainat,” ó ní. “Jẹ́ ká tún un mú látòkè.”