Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé Ẹbí

Èmi ni akọ̀wé ẹbí wa. Ẹni tó bá mọ àwa ará Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lokoja á mọ̀ pé ìpàdé ẹbí wa kò yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì. À á gbàdúrà, à á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, alága á fọwọ́ sí i, ká tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ míì. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni alága. Dáírẹ́kítọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nínú pálọ̀ mi ní àdúgbò Natako ní Lokoja, a pe ìpàdé nítorí àbúrò mi ọkùnrin. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Oògùn Tramọ́l ló kọ́kọ́ ń lò kí ohùn náà lè dákẹ́. Nígbà tí ìyẹn kò ràn án mọ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní Ganaja bẹ̀rẹ̀ sí í gún oògùn apàrora sí iṣan. A ní kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, bíi ẹrù tí a fẹ́ kó lọ.

A ń jiyàn lórí ilé àdúrà tí a máa mú un lọ nígbà tó dìde. Kò pariwo rárá, èmi ló kọjú sí.

"Àǹtí, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ti ní HIV. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn." Ìyá wa dá orin sílẹ̀. Èmi tí mo kọ orúkọ ẹni tó gbé omi tútù wá sínú ìwé, mo gbé bírò mi sílẹ̀ títí àbúrò mi fi jókòó. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání jù lọ nínú ìpàdé yẹn, n kò kọ ọ́.

Oṣù mẹ́jọ ló lò nílé àdúrà, ṣéènì lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀, ẹni tó ti rù kan egungun! Kò sẹ́ni tó fún un ní oògùn ọpọlọ, kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ mú un jáde tipátipá, ikọ́ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá kòkòrò HIV náà lára rẹ̀. Àrùn kògbóògùn là ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn. Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi. Ṣé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dà láàmú kò ní ẹ̀jẹ̀ lára ni? Àbí bí èèyàn bá ti ń gbọ́ ohùn, ohùn tiẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan mọ́?

Ní báyìí, ó ń lo oògùn méjèèjì, ti ọpọlọ àti ti HIV, ara rẹ̀ sì ti ń mókun. Ìtìjú kò jẹ́ kí ẹbí tún pe ìpàdé títí di oṣù tó kọjá. Àbúrò mi jókòó láàárín wa lọ́tẹ̀ yìí. Mo ka àkọsílẹ̀ tán, alága bèèrè bóyá àtúnṣe wà.

Mo ní, "Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Bàbá." Mo sọ ọ́ bí àbúrò mi ṣe sọ ọ́ gan-an.

"Okun o, ọmọ mi," ó fi ìkíni ilé wa dá mi lóhùn. "A kì í kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú ìwé ìpàdé."

Àbúrò mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́."

Mo kọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, mo sì na ìwé àti bírò sí alága. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ojú ń dun òun.

Títí di òní, kò tíì fọwọ́ sí i.