Orúkọ tí Akọ̀wé Fò

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Johannesburg ni ó ṣẹ̀ mí, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ọdún 2009, nínú ìpàdé wa ní Troyeville. Ní gbogbo ìpàdé, ó máa ń ṣí fìlà, á lá ìka, á sì ka orúkọ gbogbo ẹni tí ẹkùn wa ti dìbò rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Á wá bú wa pé, “Ẹ mọ gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dá mọ́tò dúró níbí, ẹ ò mọ aṣojú yín!”

Òun kan náà ni ó ń bá mi kọ lẹ́tà sílé.

Lọ́jọ́ náà, ó ka àkọsílẹ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ fún ìwé ìtàn ìlú. Ó fo bàbá mi.

Mo ní, “Bàbá Akọ̀wé, bàbá mi wọlé ní 1983.”

“Oṣù mẹ́ta péré, ológun dé. Ẹni tó parí sáà ni mò ń kọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ará ìlú ló dìbò fún un.”

“Lọ kọ tìrẹ, jàre!”

Àwọn ará ìpàdé rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo kà dé.

Akọ̀wé kú ní ọdún 2010. Ìwé ìtàn náà ti jáde. Mo rọra kà á tán. Orúkọ bàbá mi kò sí níbẹ̀, ẹni tí ì bá sì tún un ṣe ti wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ẹni tí ará ìlú fi ìbò yàn, tí ìbọn lé kúrò, ṣé kì í ṣe aṣojú wọn ni?